Ilé ìtọ́jú eyín tí mo lò ní Kàbà, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irinṣẹ́ wọn

Bí eyín bá ń dun èèyàn nílẹ̀ Òkun, iye owó la máa ń kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí mo lọ dí ihò eyín ní Kàbà, ohun tí mo béèrè ni pé: ta ló lo irinṣẹ́ yìí kẹ́yìn, kí lẹ sì ṣe sí i? Dókítà ò bínú. Ó ní, "Ẹ kú ìbéèrè, mà," ó sì mú mi dé ibi tí wọ́n ti ń sè é.

Inú àpò bébà tí wọ́n lẹ̀ pa ni irinṣẹ́ wà. Ojú mi ló ṣe fà á ya. Àmì kan wà lára àpò náà tó máa ń yí àwọ̀ padà bí ooru bá kàn án. Ó ṣàlàyé pé àmì yẹn kò tó láti fi mọ̀ pé kòkòrò ti kú tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ìgbóná àti àkókò sínú ìwé. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ ńkọ́? Wọ́n ní autoclave kékeré, ìkòkò tó ń fi ooru omi pa kòkòrò, tó ń lo gáàsì: yóò gbóná dé 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Bí gáàsì bá tán láàárín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Èyí tó wú mi lórí jù ni orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín. Nígbà tó bá ń dúró, ó lè fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara rẹ̀, níbi tí sípíríìtì kò lè dé. Mo ti rí ibòmíràn tí wọ́n kàn ń fi òwú nù ún lásán. Níbí, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń sè é lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan. A dúró pẹ́ nítorí rẹ̀, ọmọkùnrin kan láti Ìyàrà sì ń kùn. Mo sọ fún un pé kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́) lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lára ohun tó ti gbẹ, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in lára kò sì mọ̀. Ó dákẹ́.

Àléébù wà o. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ gbé fóònù. Mo sọ̀rọ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Àpótí tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ sí sì ti kún dé ẹnu, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n ti dì í kó tó kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo sọ ìyẹn náà fún dókítà.

Owó wọn ju ti ibòmíràn lọ díẹ̀, mo san án tayọ̀tayọ̀. Ọmọ mi ni mo fẹ́ gbé lọ síbẹ̀ báyìí, bí wọ́n bá ti pààrọ̀ àpótí yẹn.