Bàbá Alámọ̀ tó tún ilé bàbá wa àgbà ṣe n'Íkẹ́rẹ́

Iṣẹ́ àtúnṣe ilé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilé bàbá bàbá mi ni wọ́n tún ṣe, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fi owó kòkó kọ́ n'Íkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí èèyàn ti ń rí àpáta Olósùnta láti fèrèsé òkè. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ 1952 sí iwájú rẹ̀, òdòdó kọ̀ọ̀kan wà lọ́tùn-ún àti lósì. Yàtọ̀ sí ibẹ̀ àti etí fèrèsé, amọ̀ ni gbogbo ògiri yẹn. Ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kó ká ẹsẹ̀ kò. Èmi náà jókòó síbẹ̀ rí. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló kó irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ Èkó. Nígbà tí owó kòkó dé, àwọn àgbẹ̀ tiwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, àtẹ̀gùn onípákó lẹ́yìn.

Ẹbí fẹ́ wó o. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ká kọ́ fúláàtì mẹ́rin síbẹ̀, ká máa gba owó ilé. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ogbó kọ́ ló sì ba ilé ọ̀hún jẹ́. Ní 2019, bírìkìlà kan tí a gbà fi sìmẹ́ǹtì tó ki rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri yí ká, ó ní ọ̀rọ̀ òjò ti tán nìyẹn. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, a sì máa tú u sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì dí i lójú, omi ò ríbi jáde mọ́, ó jókòó sínú amọ̀. Òjò ọdún kejì ni sìmẹ́ǹtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń já lulẹ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó sì ń ya amọ̀ dání lọ. Ní igun ìwọ̀-oòrùn, apá mi wọ inú ihò náà dé ìgúnpá.

Ìyá kan tó ń ta elùbọ́ lọ́jà ló júwe Bàbá fún mi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọṣẹ́ mẹ́ta ló ní, Bàbá Alámọ̀ ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò mú irinṣẹ́ kankan dání. Ó ń fi ìka kan ògiri káàkiri, ó ń tẹ́tí. Ó ní, “Ọmọ mi, ulé yìí ò tíì kú. Wọ́n kàn dí i nímú ni.”

Kó tó fọwọ́ kan ògiri, omi ló kọ́kọ́ bá jà. Ó gbẹ́ gọ́tà sẹ́yìn ilé, ó sì ní kí káfíńtà fa etí páànù síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa bọ́ sí ìdí ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí sìmẹ́ǹtì kúrò, jẹ́jẹ́, ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Amọ̀ tó já lulẹ̀, kò dà á nù. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó pò ó mọ́ erùpẹ̀ òkìtì ikán àti koríko gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, àwọn ọmọṣẹ́ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ títí ó fi fà bí iyán tí wọ́n gún dáadáa. Wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sọ ọ́ mọ́ ògiri gbì, kó lè wọnú ara wọn. Kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ lójúmọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yá díẹ̀.” Ó ní amọ̀ tútù kì í ru amọ̀ tútù. Nígbà tó gbẹ tán, wọ́n fi amọ̀ tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n pò mọ́ yanrìn àti ìgbẹ́ màlúù, rẹ́ ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fi ẹfun kùn ún.

Ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ máa ń ká mi lára, torí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí. Ààfin Ògògà tiwa ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún. Ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924, kò padà wálé mọ́. Àga kan ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, British Museum ló sì wà dòní. Òpó tí ọba jókòó, tí olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, Chicago lẹ ti máa rí i. Ìwé òfin nìkan náà ò sì lè dá ilé sí: láti 1956 ni Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan l'Ékòó, ti wà lára ohun ìrántí tí ìjọba dáàbò bò, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ilé tiwa ò ní ìwé kankan. Ẹni tó mọ amọ̀ pò nìkan ló ní.

Àléébù wà o. Káfíńtà tí Bàbá mú wá ṣe àtẹ̀gùn dáadáa. Ìrókò ni, kì í dún béèyàn bá ń gùn ún. Àmọ́ pákó tútù ló fi ṣe fèrèsé ìsàlẹ̀ méjì. Nígbà tó gbẹ, ó sún kì, ìka mi ń kọjá láàárín rẹ̀. Bàbá kì í sábà gbé fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló dá, mọ́kànlá ló gbà, torí bí òjò bá ti ṣú, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan amọ̀. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦740,000, ti pákó àti páànù lọ́tọ̀, ó sì ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀ fún mi ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ní ayẹyẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, tí ẹ fẹ́ kí ilé ti dán kó tó pé, ẹ má pè é. Bó bá jẹ́ ilé amọ̀ tí ẹ kò fẹ́ kó wó lójú yín ni, ẹ wá a rí.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí bá mi nínú ilé náà, ó rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan igun ìwọ̀-oòrùn níbi tí apá mi ti wọlé nígbà kan. Ó tutù, kò rin. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ wó o ti ní òun ló ni yàrá òkè bí Kérésì bá dé. Nígbà ọyẹ́, Bàbá á padà wá tún fèrèsé méjèèjì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ti jọ fẹnu kò pé ilé ìdáná ẹ̀yìn ló kàn.