Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé láti Houston

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ lọ fowó ránṣẹ́ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kó ka èyí kó tó jáde.

Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa kan ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ra gàrí àti èlùbọ́ níbẹ̀. Àmì ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ ńlá kan wà lára gíláàsì ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà wà lórí káńtà, mo sì ti fowó ránṣẹ́ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ tí mo mú 1,200 dọ́là lọ, owó páànù ilé Màámi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní, "Àbúrò, kí ló dé tó o ń jẹ́ kí àwọn òyìnbó máa jẹ ẹ́ lówó? Jẹ́ kí n bá ẹ fi ránṣẹ́ fúnra mi. Mi ò ní gba owó iṣẹ́, màá tún fi náírà 30 lé e lórí dọ́là kan."

Mo ṣírò ẹ̀ lọ́kàn: 36,000 náírà. Ó wọ̀ mí lójú. Mo ka owó fún un, ó kọ nǹkan sórí bébà kékeré kan, ó ní tó bá fi máa di ọ̀la owó á ti wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Lákọ̀ọ́kọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ni kò dáa. Lẹ́yìn náà, ẹni tó máa san án l'Ékòó lọ sìnkú. Èmi náà mọ̀ pé ìsìnkú tiwa máa ń pẹ́, àmọ́ ti ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò tíì ṣojú mi rí. Ní báyìí, kì í gbé fóònù mi mọ́.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tí àmì wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ḿbà ìfiránṣẹ́ ni obìnrin tó gbé fóònù kọ́kọ́ bèèrè. Kò sí lórí bébà mi. Ó wo orúkọ mi, ó wo ọjọ́ náà, ó ní owó kankan ò dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ ló ń gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń bá a gbowó kì í ní tiẹ̀. Aṣojú ni, abẹ́ láísẹ́ǹsì ẹlòmíì ló wà, ìwé àdéhùn ló sì so wọ́n pọ̀. Owó tó bá gbà lábẹ́ àdéhùn yẹn kì í ṣe tiẹ̀ láti ná. Bó bá ṣe é báṣubàṣu, òfin ìjọba àpapọ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà ló máa dáhùn. Àmọ́ ohun tí kò bá sí nínú àdéhùn, aṣojú ò láṣẹ láti ṣe é. Nígbà tí ọ̀gá yẹn ti ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbowó mi, kì í ṣe aṣojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó ń ṣòwò ìfowóránṣẹ́ láìgba láísẹ́ǹsì ni, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sì lè wà níbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ wá di mú báyìí?

Nítorí náà, rìsíìtì ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi àmì ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni rìsíìtì gidi ti ń jáde. Orúkọ ilé-iṣẹ́ á wà níbẹ̀, nọ́ḿbà ìfiránṣẹ́, iye tẹ́ ẹ san, iye náírà tó máa dé ọwọ́ ará ilé, àti ọjọ́ tó máa dé. Tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè fagi lé e láàárín ìṣẹ́jú 30 tẹ́ ẹ sanwó, bí wọn ò bá tíì gbà á nílé. Bí owó ò bá sì dé, ẹ ní ọjọ́ 180, látọjọ́ tí wọ́n ní á dé, láti fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà.

Ibi tẹ́ ò bá mọ̀ dáadáa, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí NMLS Consumer Access, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo láísẹ́ǹsì àwọn ilé-iṣẹ́ owó. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa rí ìpínlẹ̀ tó ti ní láísẹ́ǹsì. Kẹ́ ẹ wá pe ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá aṣojú wọn ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ má pe nọ́ḿbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù o. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi Zelle, ètò tí wọ́n fi ń sanwó láti báńkì sí báńkì lórí fóònù, sanwó sórúkọ òun, ẹ gbé báàgì yín.

Mo ti kọ̀wé sí Texas Department of Banking, ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ wa tó ń bójú tó báńkì àti ìfowóránṣẹ́, mo fi bébà kékeré yẹn àti gbogbo ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ lórí WhatsApp ránṣẹ́. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù níbí. Ẹni tó bá ní irú bébà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kó má sọ ọ́ nù. Òjò rọ̀ n'Íjẹ̀bú lánàá. Màámi ní garawa méjì ló kún.