Irin Fún Iṣẹ́ Ọwọ́ Nílé: Ibo Ló Yẹ Kí Ẹ Ti Rà Á?

Ẹni tó fẹ́ fi irin ṣe tábìlì iṣẹ́ tàbí férémù ẹ̀rọ nílé lè rà á níbi mẹ́rin: ilé ìtajà irin ńlá tó ń ta odindi ọ̀pá, ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ tó ń ta èyí tí wọ́n ti gé kúkúrú, ọ̀dọ̀ àwọn ajórin tí ìgékù wà nílẹ̀ wọn, àti ọgbà irin àlòkù. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni mo fi ń dá ẹjọ́ láàárín wọn: èló ni kílò kan nínú irin tí yóò wọnú iṣẹ́ yín gan-an? Iye tí wọ́n ń pe ọ̀pá kan lè tan ènìyàn jẹ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fún irin róbótó, ẹ fi ìdábùú rẹ̀ ní mílímítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 162. Kílò tó wà nínú mítà kan nìyẹn. Irin mílímítà 12 yóò fún yín ní kílò 0.89. Irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, tó sì nípọn mílímítà kan, kílò 7.85 ni.

Ilé ìtajà ńlá àti ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́

Ní kílò sí kílò, ilé ìtajà ńlá ló sábà máa ń dínwó, ṣọ́ọ̀bù ló sì máa ń wọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì péré lẹ fẹ́, tí ẹ kò sì ní iṣẹ́ mìíràn tí ẹ ó fi ìyókù ṣe, ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ lọ. Ọ̀pá mítà 6 tí ó ń dípẹtà lẹ́yìn ilé kì í ṣe èrè.

Bí ẹ bá ra odindi ọ̀pá, ẹ ní kí wọ́n bá yín gé e kó lè wọ ọkọ̀. Ẹ rántí pé ayùn náà ń jẹ tirẹ̀, bíi mílímítà 2 sí 3 níbi gbogbo tó bá ti gé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyọ 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé mítà kan gẹ́lẹ́ kò ní rí i nínú ọ̀pá mítà 6.

Páìpù onígun mẹ́rin ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù, nítorí ojú kì í rí bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́nu pẹ̀lú kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, tàbí kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀pá mítà 6 tó jẹ́ mílímítà 50 lọ́nà 50, tí ara rẹ̀ nípọn mílímítà 2, yẹ kó lé ní kílò 17. Bó bá jẹ́ kílò 13 ó lé díẹ̀, mílímítà kan àbọ̀ ni wọ́n ń tà fún yín.

Èyí tí a tẹ̀ ní gbígbóná àti èyí tí a fà ní títutù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ owó nù. Irin tí wọ́n tẹ̀ nígbà tó gbóná ní èèpo dúdú lára, igun rẹ̀ kò mú, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì pé déédéé. Òun ló dínwó, ó sì tó fún ohun gbogbo tí ẹ ó bá jó pọ̀. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ lọ èèpo náà kúrò níbi tí ẹ fẹ́ jó àti ibi tí ẹ fẹ́ kùn.

Èyí tí wọ́n fà nígbà tó ti tutù ń dán, ìwọ̀n rẹ̀ péye. Òun ló yẹ fún ọ̀pá tí yóò wọnú bẹ́árìn, òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára ìfà náà ṣì wà nínú rẹ̀: bí ẹ bá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè tẹ̀. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ná owó yẹn sórí ẹsẹ̀ tábìlì.

Ìgékù àti àlòkù

Ìgékù ọwọ́ àwọn ajórin ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irin tuntun ni, ajórin náà mọ irú èyí tó jẹ́, ó sì fẹ́ kó kúrò nílẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀n ohun tí ẹ ń wá dání, kí ẹ sì gbà láti yí àwòrán iṣẹ́ yín padà díẹ̀ nítorí ohun tó bá wà.

Irin àlòkù dínwó ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ ẹ má rà á láìdán an wò. Irin igun tó wá láti ara bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ sábà máa ń le débi pé dírílì kì í fẹ́ wọ̀ ọ́. Rọ́ọ̀dù kọnkéré náà kò dúró sójú kan: ibì kan lè rọ̀, ibòmíràn lè le. Ẹ fi fáìlì rẹ́ igun rẹ̀; bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìjẹ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ní ẹ̀rọ ìlọrin, ẹ wo iná tó ń ta: èyí tó gùn tí kò pẹ̀ka púpọ̀ jẹ́ ti irin rírọ̀, èyí tó kúrú tó ń bú yẹ́túyẹ́tú jẹ́ ti irin tí kábọ̀nù, èròjà tó ń mú irin le, pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má ra sìlíńdà tàbí ṣọ́kì ọkọ̀ tí ẹnu rẹ̀ dí láti gé e, ó lè bú gbàmù. Irin tí wọ́n fi síńkì, mẹ́táàlì tí kì í jẹ́ kó dípẹtà, bò náà léwu lójú iná, èéfín rẹ̀ ń fa ibà àti òtútù. Òòfà kò lè fi í hàn yín, torí irin ló wà lábẹ́. Àwọ̀ eérú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ lọ síńkì náà kúrò dáadáa níbi tí ẹ ó jó, kí ẹ bo imú yín, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ náà níta gbangba.