Ìkìlọ̀: Ayédèrú ni ère Grenadier 120mm tí ọkùnrin yìí ń tà, ẹ má sanwó fún un

Ẹ̀yin tí a jọ ń kun ère, ẹ dákun, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan wà tó ń ta ère resin (ike olómi tí wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù títí yóò fi le) ńláńlá, àwọn 120mm (bí wọ́n ṣe ga tó ní mìlímítà) àti àwọn ère orí dé àyà, tó ń pariwo pé ojúlówó ni, láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an. Irọ́ ni! Ó ti rẹ́ mi jẹ, mi ò sì fẹ́ kó rẹ́ ẹlòmíràn jẹ.

Ère Grenadier, ìyẹn ọmọ ogun kan nínú àwọn Ẹ̀ṣọ́ Napoleon, olú ọba ilẹ̀ Faransé nígbà kan, ni mo rà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó dé fìlà onírun gíga, tó ní àwo idẹ níwájú tí ẹyẹ idì wà lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ yí i padà sí ọmọ ogun tó ń ti Moscow bọ̀ nínú òtútù 1812: kí n gé apá ọ̀tún rẹ̀, kí n fi òmíràn rọ́pò, kí n fi putty (ohun rírọ̀ bí amọ̀ tó máa ń le) mọ ẹ̀wù àwọ̀lékè tó ti fàya sí i lára, kí n sì wé àkísà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Apá tí mo fẹ́ lò ti wà nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ra ojúlówó ère yẹn ló fún mi ní apá kejì tó bá a wá nínú páálí, tí òun ò lò.

Àwòrán tí ọkùnrin náà gbé jáde wuni. Àṣé àwòrán orí páálí ni, èyí tí ilé iṣẹ́ ní kí ọ̀gá akunre kùn fún wọn! Mo ní kó ya resin tí kò tíì lọ́dà lára fún mi. Ó ní òun ti dì í, òun ò lè tú u mọ́. Mo béèrè o, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé mi ò béèrè. Ó tún ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ lórí PayPal bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, kí wọ́n má baà gé nǹkan lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró, ó sì ń dùn mí títí di báyìí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí mọ ère. Ó mọ orúkọ ọ̀dà, ó ń bá mi jíròrò lórí bí a ṣe ń kun awọ ojú. Ta ni yóò rò pé olè lẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn?

Ẹrù dé, resin ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ó, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo fín primer, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a kọ́kọ́ ń lò, sí i. Nígbà tí mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, primer bó mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo wá gbé e sún mọ́ iná. Irun fìlà tó yẹ kó ní ìlà tí búrọ́ọ̀ṣì yóò tẹ̀lé ti di pẹlẹbẹ. Ẹyẹ idì ara idẹ yẹn kò ní ìyẹ́, kò ní ẹnu. Ó dà bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ títí tí orúkọ ara rẹ̀ fi pa rẹ́. Ìpéǹpéjú òsì kò sí rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kun 120mm mọ̀ pé ojú ni iṣẹ́ wà. Báwo ni kí n ṣe kun ojú tí kò ní ìpéǹpéjú?

Mo gbé apá ojúlówó sí èjìká rẹ̀, kò wọlé. Ẹni tó bá da silicone (rọ́bà olómi) bo ère oníǹkan láti fi ṣe mọ́ọ̀dù, ohun tí yóò bọ́ jáde nínú rẹ̀ máa ń sún kì díẹ̀. Tó bá tún ṣe ẹ̀dà látara ẹ̀dà, á tún kéré sí i, iṣẹ́ ara rẹ̀ á sì máa parẹ́. Mo lu ihò sí ọrùn ẹsẹ̀ kí n lè fi wáyà idẹ gbé e dúró, ọrùn ẹsẹ̀ fọ́, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Mo gé ìgbọ̀nwọ́, ihò. Mo fi putty dí i, mo ha á, ihò mìíràn tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ihò, ihò, ihò! Owó tí mo fi sùúrù kó jọ nìyẹn o!

Nígbà tí mo kọ̀wé sí i, ó ní bí gbogbo resin ṣe ń rí nìyẹn, pé ọwọ́ mi ni kò mọṣẹ́. Èmi! Mo ya àwòrán apá méjèèjì pọ̀ ránṣẹ́ sí i, ó bá bulọ́ọ̀kì mi. PayPal ní ààbò tí àwọn ń ṣe fún oníbàárà kò kan owó ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa kó tó ní kí n san án lọ́nà yẹn. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ère náà kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta ère gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ ẹni tí gbogbo ayé ń yìn. Àwọn tó ń yin ọkùnrin yìí lábẹ́ ọjà rẹ̀, mo fura pé òun fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ yáa gbọ́: ẹ ní kó ya resin tí kò lọ́dà pẹ̀lú bébà tó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sí. Tó bá ní òun ti dì í, ẹ sá. Ẹ fi Google wá ibi tí àwòrán rẹ̀ ti wá. Ẹ sanwó bí ẹni tó ń ra ọjà, kẹ́ ẹ lè ní ọjọ́ 180 láti fẹjọ́ sun PayPal. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó gé e tàbí kẹ́ ẹ tó fín nǹkan sí i. Tẹ́ ẹ bá máa ha á, ẹ fi omi ha á, kẹ́ ẹ sì bo imú, eruku resin kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹni tó bá ti sanwó fún un, tó ń dúró de “ó ti wà lọ́nà” tó máa ń sọ, kó má dúró mọ́. Kó lọ fẹjọ́ sùn lónìí.