Fọ́tò olórin rock and roll mẹ́ta tí mo rà: méjì dúró sílé, mo dá ìkẹta padà

Bí ẹ bá ń wá fọ́tò tí Little Richard tàbí Jerry Lee Lewis fi ọwọ́ ara wọn buwọ́ lù, ẹ lè bá ilé ìtajà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dòwò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wo ti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fi tẹ̀ lé ọjà, èyí tó ń sọ pé ojúlówó ni ìbuwọ́lùwé náà. Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tà. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo ẹni tó ń ta irú ọjà yìí.

Ti Little Richard ni mo kọ́kọ́ rà, dọ́là 180 pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́. Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, ínǹṣì 8 sí 10, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ olórin máa ń pín fún oníròyìn. Ó dúró ti dùùrù, irun rẹ̀ ga sókè, tírò wà lójú rẹ̀ rekete. Máàkà dúdú ló fi kọ ọ́. Ó kọ orúkọ obìnrin kan, ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run bùkún un, kó tó wá buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń dín owó irú èyí kù, wọ́n ní orúkọ ẹlòmíràn lára rẹ̀ kì í jẹ́ kó yá tà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó rọrùn fún oníjìbìtì láti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ kan ṣoṣo, àmọ́ tó bá di odidi gbólóhùn, àṣírí á tú.

Àdúrà yẹn náà bá ọkùnrin náà mu. Ní oṣù kẹwàá 1957, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn káàkiri ayé, ó fi rock and roll sílẹ̀ lójijì, ó gba Oakwood College ní Huntsville, Alabama, lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ó padà sídìí orin lẹ́yìn náà, síbẹ̀ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ó ṣì máa ń fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìwé ẹ̀sìn.

Mo gbé fọ́tò náà sábẹ́ iná, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Íǹkì rẹ̀ ń dán lọ́tọ̀ sí ara fọ́tò, ó jókòó sórí rẹ̀. Níbi tí lẹ́tà R ti yípo, tí ìlà kan gun orí èkejì, ó ṣú ju ibòmíràn lọ. Ìlà tó fà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn sì fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ ìparí, nítorí eré ló fi fà á. Ẹni tó ń fara wé ọwọ́ ẹlòmíràn kì í lè sáré bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni tirẹ̀ máa ń lọ, ìlà rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì nípọn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú mi dùn sí èyí tí mo rà yìí lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ti Jerry Lee Lewis náà dára. Ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n ya fọ́tò náà, ṣùgbọ́n máàkà aláwọ̀ búlúù ló fi buwọ́ lù ú, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wá rìrì. Ẹnì kan lè bi mí pé báwo ni máàkà ṣe dé ara fọ́tò àtijọ́. Kò sí àléébù níbẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2022 ni Lewis kú, lẹ́ni ọdún 87, àwọn èèyàn sì ń gbé fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ wá fún un títí tó fi darúgbó. Pépà tí wọ́n tún un tẹ̀ sí pàápàá kì í ṣe ti àtijọ́, olùtajà sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Mo gbóríyìn fún wọn lórí èyí.

Ti ẹni tó ti kú kí irú máàkà tí wọ́n ń pè ní Sharpie tó dé ló yẹ kó kó ìrònú bá èèyàn. Ọdún 1964 ni Sharpie jáde. Ọkọ̀ òfuurufú tó já nítòsí Clear Lake, Iowa, ló pa àwọn olórin Buddy Holly, Ritchie Valens àti Big Bopper ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1959. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni takisí tó gbé Eddie Cochran, olórin bíi tiwọn, forí sọ òpó iná ní Chippenham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin. Bí ẹ bá rí ìbuwọ́lùwé èyíkéyìí nínú wọn tó jẹ́ pé Sharpie ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye tó jẹ́. Bíró tàbí kálàmù olómi ló yẹ kẹ́ ẹ máa wá. Ti Valens tún wá ṣọ̀wọ́n jù: ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó kú, kò sì lo ọdún kan tán nínú òkìkí.

Ní ti Elvis, n kì í dá a láṣà láti ra tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí i pọ̀ débi pé àwọn akọ̀wé àtàwọn èèyàn àyíká rẹ̀ ló ń bá a buwọ́ lu ọ̀pọ̀ fọ́tò. Àtijọ́ ni pépà, àtijọ́ ni íǹkì, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

Ìkẹta tí mo rà ni ti Bo Diddley, òun àti gìtá onígun mẹ́rin rẹ̀. Èyí ló bà mí nínú jẹ́. Nígbà tí mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ iná, kò sí ohun tó dá yàtọ̀ lára rẹ̀: bí fọ́tò ṣe ń dán ni ìbuwọ́lùwé náà ń dán. Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, mo sì rí i pé tótòtó wẹ́wẹ́ ló para pọ̀ di lẹ́tà. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò ni, bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé ìròyìn. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí tẹ̀ lé e, pẹ̀lú sítíkà tó ń kọ mànà. Wọ́n dá owó mi padà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ íméèlì, wọn kò sì sọ bí ìwé ẹ̀rí náà ṣe jẹ́. Mo ka èyí sí àìdáa gidi, nítorí ẹni tí kò ní awò nílé á gbé e kọ́ ògiri, á máa fi yangàn.

Ìwé ẹ̀rí tí olùtajà kọ fún ọjà ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ń lé àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìbuwọ́lùwé ní California, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Operation Bullpen, ìwé ẹ̀rí ń bá ọjà àwọn oníjìbìtì náà rìn. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi àyẹ̀wò ìbuwọ́lùwé ṣiṣẹ́ ṣe, irú bíi PSA àti JSA, sàn jù, torí wọn kì í ṣe ẹni tó ń ta ọjà náà. Àmọ́ èrò tiwọn náà ni wọ́n ń sọ, wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí olórin náà ń kọ ọ́.

Wọ́n di ẹrù náà dáadáa, páálí líle níwájú àti lẹ́yìn, kò sí èyí tó ká. Ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi fọ́tò sí ni n kò fẹ́, ó ń rùn bíi rọ́bà. Irú ọ̀rá PVC bẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ fọ́tò bó bá pẹ́, ó sì lè ká íǹkì lọ. Mo ti kó wọn sínú ọ̀rá Mylar, tí kì í lẹ̀ mọ́ fọ́tò bẹ́ẹ̀, mo sì gbé wọn jìnnà sí fèrèsé, torí oòrùn máa ń jẹ íǹkì.

Máàkì 3 nínú 5 ni mo fún wọn. Wọ́n ní fọ́tò Fats Domino kan nílẹ̀ báyìí tó wù mí. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì ya ìbuwọ́lùwé náà láti ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ iná, kí n tó sanwó.