MacBook Air M1, M2, M3, M4: èwo ni kẹ́ ẹ fowó yín rà?

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 2022, mo ti ra dátà sílẹ̀, mo ti kìlọ̀ fún àwọn ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Apple fẹ́ ṣíṣọ lójú MacBook Air tuntun, kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn, ó sì ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń retí ẹ̀. Wọ́n ṣí i lóòótọ́. Ó tín-ín-rín, ó rẹwà, àwọ̀ tó jọ òfuurufú òru yẹn sì wọ̀ mí lójú gan-an. Ìgbà tí wọ́n wá dárúkọ $1,199 ni mo da fóònù dojú bolẹ̀. $999 ni wọ́n ti ń ta èyí tó ṣáájú ẹ̀ láti 2020, bẹ́ẹ̀ sì ni RAM (àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí) 8GB àti àyè ìpamọ́ 256GB kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró kí ariwo lọ sílẹ̀ ná kí n tó náwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra Air, tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. M1 dé M4 ni orúkọ chip, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí owó ẹ̀ kéré jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kọ síbí, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́jà:

| | M1 | M2 | M3 | M4 |
|---|---|---|---|---|
| Ìgbà tó dé ọjà | Oṣù Kọkànlá 2020 | Oṣù Keje 2022 | Oṣù Kẹta 2024 | Oṣù Kẹta 2025 |
| Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè é | $999 | $1,199 | $1,099 | $999 |
| RAM | 8GB | 8GB | 8GB | 16GB |
| Ìpamọ́ | 256GB | 256GB | 256GB | 256GB |
| Kámẹ́rà | 720p | 1080p | 1080p | 12MP |
| Ojú (íǹṣì) | 13.3 | 13.6 | 13.6 | 13.6 |

M1

Èyí ni wọ́n fi já wa gbà lọ́wọ́ fáànù. Air tó ń lo chip Intel ṣáájú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ìpàdé orí fídíò pọ̀ mọ́ ojúewé mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lórí itan yín. M1 ò ní fáànù rárá, kò sì dún pínpín. Apple ní bátìrì ẹ̀ á gbé wákàtí 15 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 18 tó bá jẹ́ fíìmù lẹ ń wò. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ò ní nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn. Ṣájà 30W ló bá a wá, nítorí náà inverter kékeré gbé e dáadáa, power bank tó bá ní USB-C tó lágbára náà lè gbà á sílẹ̀.

Kámẹ́rà ẹ̀ ni mi ò lè gbèjà. Tó bá di alẹ́, ojú yín á dà bí ojú ẹni tó jókòó sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Air méjì ni Apple ṣe ní 2020: ti Intel jáde ní oṣù Kẹta, M1 tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá. Ìrísí wọn jọra bí ìbejì, "MacBook Air 2020" náà sì ni àwọn tó ń tà á máa ń pe méjèèjì. Ẹ tẹ àmì ápù tó wà lókè lápá òsì, kẹ́ ẹ ṣí About This Mac. Tí kò bá kọ M1 síbẹ̀, ẹ gbé e padà sórí tábìlì. macOS ni ètò tó ń darí Mac; Tahoe, ẹ̀dà ẹ̀ tó jáde ní 2025, ṣì gba M1, ṣùgbọ́n kò gba Air Intel kankan mọ́.

M2

Ká má purọ́, àwọn nǹkan tó dáa wà lára ẹ̀. Kámẹ́rà mọ́ sí i, ojú ẹ̀ tàn sí i, MagSafe sì padà dé. Mágínẹ́ẹ̀tì ló di orí ṣájà yìí mú, tí ọmọdé bá sáré kọjá tó fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, wáyà nìkan ló máa já, kọ̀ǹpútà ò ní bá a lọ sílẹ̀.

Inú ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó dọ́jà, àwọn tó ń tú kọ̀ǹpútà wò rí i pé 256GB ti M1 pín sí ẹ̀yọ chip ìpamọ́ méjì, ti M2 sì wà lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ fojú inú wo BRT pẹ̀lú dánfó. Èrò ń tẹnu ilẹ̀kùn méjì bọ́ sílẹ̀ nínú BRT, ti dánfó, gbogbo wọn ló máa to sẹ́nu ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wọn eré SSD náà (ìpamọ́ yẹn), kíkà ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀ dé ìdajì ti M1 tó ṣáájú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lù àbúrò nínú eré, àbúrò ló sì wọ́n jù!

Ẹni tó ń fi kọ lẹ́tà nìkan lè má mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n tí RAM 8GB bá kún, SSD ni macOS máa ń yá lò, á kó ohun tí ẹ ò wò lọ́wọ́ síbẹ̀, á tún lọ kó o wá tẹ́ ẹ bá padà sídìí ẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn kan yẹn ti ń dá èrò dúró. M2 tó ní 512GB ò ní ìṣòro yìí, torí náà tó bá jẹ́ M2 lọkàn yín fà sí, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá.

M3 àti M4

M3 dá chip ìpamọ́ méjì padà, ó sì lè gbé ojú kọ̀ǹpútà méjì mìíràn tẹ́ ẹ bá pa ìdérí ẹ̀ dé. Mi ò rí nǹkan púpọ̀ sọ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 2024 ni ohun tí a ti ń pariwo ẹ̀ tó dé: Apple sọ RAM M2 àti M3 di 16GB láìfi dọ́là kan kún un. Ó dùn mọ́ni, àfi àwọn tó ti ra 8GB lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ara chip ni wọ́n lẹ RAM mọ́, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa ní ẹ máa fi kún tọ́wọ́ bá ṣí.

M4 ni àkọ́kọ́ tí mo wo ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀ tí n ò sọ̀rọ̀ burúkú. Owó padà sí $999, RAM jẹ́ 16GB, ó sì ń gbé ojú méjì mìíràn pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí.

Ẹ má torí AI ra tuntun

Apple Intelligence, àkójọ ohun èlò AI Apple tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹfà 2024, ń ṣiṣẹ́ lórí M1 náà. Siri (olùrànlọ́wọ́ Apple tẹ́ ẹ máa ń bá sọ̀rọ̀) ọlọ́gbọ́n tí wọ́n fi dán wa lójú lọ́jọ́ náà, wọ́n sún un síwájú ní oṣù Kẹta 2025, kò sì gbọ́ Yorùbá. Microsoft náà ṣe irú ẹ̀: Recall, ètò tó ń ya àwòrán ohun tẹ́ ẹ ń ṣe kẹ́ ẹ lè wá a padà, tí wọ́n fi polówó kọ̀ǹpútà Copilot+ ní oṣù Karùn-ún 2024, wọ́n fà á sẹ́yìn kí kọ̀ǹpútà náà tó dọ́jà, oṣù Kẹrin 2025 ló tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn.

Ohun tí èmi ń lò lójoojúmọ́ ò ní AI nínú. Ẹ yan kíbọ́ọ̀dù ABC – Extended nínú System Settings, ẹ tẹ Option pẹ̀lú x, lẹ́yìn náà ẹ tẹ o, "ọ" á jáde. Gbogbo Air mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣe é.

Èwo wá ni?

Tówó bá wà, M4. Tí kò bá tó, M1 oní-16GB tòkunbọ̀. Ẹ máa wá a pẹ́ díẹ̀, torí 8GB ló pọ̀ níta. M3, àfi tẹ́ ẹ bá rí oní-16GB tí owó ẹ̀ fi dáadáa sílẹ̀ sí ti M4. M2 oní-8GB àti 256GB, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo ra M1 tòkunbọ̀ kan fún àbúrò mi báyìí. Ó ń tàn yanran nínú ṣọ́ọ̀bù. A délé, a nu gbogbo inú ẹ̀ ká lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, a so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ló bá kọ Remote Management síwájú wa: ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ló ṣì ni ín. Láti ìgbà náà, kí n tó sanwó ni mo ń nù ún, níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ lọ sí System Settings, General, Transfer or Reset, kẹ́ ẹ yan Erase All Content and Settings, kẹ́ ẹ fi hotspot fóònù yín ṣètò ẹ̀. Tó bá béèrè Apple ID (Apple Account ni wọ́n ń pè é báyìí) ẹlòmíràn tàbí tó dárúkọ ilé-iṣẹ́, ẹ máa lọ. Tó bá wọlé, ẹ ṣí System Report, ẹ wo Cycle Count, iye ìgbà tí wọ́n ti lo bátìrì náà tán tí wọ́n sì tún gbaná sí i, lábẹ́ Power. 1,000 ni Apple ka bátìrì ẹ̀ sí. Ẹni tó ń tà á lè máa kùn pé ẹ ń dá ọjà òun dúró. Ẹ bá a tọrọ àga, kẹ́ ẹ jókòó.