Géèjì onísukúrù: ẹ má tíì náwó sí ti ṣọ́ọ̀bù

Fún iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, géèjì àfọwọ́ṣe yìí (irinṣẹ́ tá a fi ń fàlà tó bá etí pákó dọ́gba) tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Àjákù igi àpá (ẹ lè ṣà á ní Ámù, Mushin) àti sukúrù olórí pẹrẹsẹ kan, tó gùn tó mìlímítà 50, ti tó.

Ẹ gé igi náà sí mìlímítà 80 ní gígùn, 40 ní fífẹ̀, 25 ní nínípọn. Ẹ fi dírìlì oní-mìlímítà 3 lu ihò sáàárín ojú tó fẹ̀, kó dúró ṣánṣán. Ẹ fi àbẹ́là pa sukúrù lára, kẹ́ ẹ yí i wọlé. Etí orí rẹ̀ ló ń fàlà, ẹ fi fáìlì pọ́n ọn. Bí nínípọn pákó bá jẹ́ mìlímítà 18, ẹ yí i títí orí rẹ̀ yóò fi jìnnà sígi ní 18.

Ẹ má lo arère o! Ó rọ̀, ihò á fẹ̀, sukúrù á máa mì, ìlà á sì wọ́. Bí orí sukúrù bá ti jìnnà sígi kọjá 30, kò ṣeé gbára lé mọ́. Ìwọ̀nba sukúrù ló kù nínú igi.

Sukúyà (irinṣẹ́ tá a fi ń mọ̀ bóyá igun gún) ní tiẹ̀, ẹ rà á, àmọ́ ẹ dán an wò lórí pákó tí etí rẹ̀ gún: ẹ fàlà, ẹ yí i dojú kọ òdìkejì, ẹ tún fàlà lójú kan náà. Àlàfo tó bá wà láàárín ìlà méjèèjì jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe rẹ̀.